Àwọn Ọjọ́ Ìrántí Nínú Ìtàn Bọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Wa, àti Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí A Máa Kọ Ọjọ́ Ìbí Sílẹ̀

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, ni ìjọba àpapọ̀ yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde láti ara Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀. Ọjọ́ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí pé ọdọọdún ni a ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé ọjọ́ kan náà nínú ọdún ni ọjọ́ ìbí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ògbóǹtarìgì agbábọ́ọ̀lù tí àwọn olólùfẹ́ eré sọ ní “Mathematical”. Èkó ni a ti bí i, ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1952. Ní ọjọ́ tí a dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, ó pé ọmọ ọdún 39 géérégé.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti fún ẹ̀yin tí a ń kà á sí létí ní yàrá ìkàwé, ni àwọn ọjọ́ tí ó yẹ ní ìrántí nínú ìtàn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ilẹ̀ wa. A ó tún fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyá nìkan. Ó ti gbé àwọn kan ga, ó sì ti dójú ti gbogbo orílẹ̀-èdè yìí rí.

BÍ ÀWỌN BABA WA TI Ń KA ỌDÚN

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàìní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí. Ohun ńlá tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú ni wọ́n fi ń dá ọdún mọ̀. Ìyá arúgbó kan lè wí pé, “Ọdún tí rélùwéè dé Òṣogbo ni a bí ẹ̀gbọ́n mi.” Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ọdún 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo yóò ti mọ ọdún tí ìyá náà ń sọ. Ẹlòmíràn a sọ pé ọdún àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ni òun dé ayé: ọdún 1918 nìyẹn. Ẹlòmíràn a ní ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni òun wọ ilé-ìwé: oṣù kìíní ọdún 1955 ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọdún tí ọkọ̀ kúrò ní apá òsì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní apá ọ̀tún títì jẹ́ 1972, tí ọdún tí a pa pọ́n-ùn tì tí a ń ná náírà sì jẹ́ 1973.

Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ó ń sọ ọdún, kò sọ oṣù, kò sì sọ ọjọ́. Bí ẹni tí ó ránti bá sì kú, ìrántí náà bá a lọ. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kì í fi í tán lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró rí ní Old Garage ní Òṣogbo, nígbà tí àwọn èrò ń retí kí ọkọ̀ kún, yóò ti gbọ́ irú rẹ̀. Ọ̀kan a ní ọdún báyìí ni a gba ife, èkejì a ní irọ́ ni, ọdún tí ó tẹ̀lé e ni. Ariwo kì í parí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ní í parí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a to àwọn ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ bí oṣù ti ń tẹ̀lé ara wọn.

OṢÙ KẸTA: IFE ILẸ̀ ÁFÍRÍKÀ ÀKỌ́KỌ́

Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, Èkó, Nàìjíríà kojú Àlùjẹ́ríà nínú àṣekágbá ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Eré kò tíì ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí Ọdẹ́gbàmí fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi, ó tún gbá èkejì wọlé. Bí wọ́n ti padà sórí pápá, Mudashiru Lawal gbá ẹ̀kẹta. Góòlù 3 sí òdo ni eré náà parí sí, Nàìjíríà sì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Christian Chukwu ni olórí ẹgbẹ́ wa ní ọjọ́ náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Àwọn méjèèjì tí ó pín góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn ni wọ́n. Best Ogedegbe tí ó ń ṣọ́ ilé, àti Felix Owólabí, láti inú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n ti wá. Ní ọdún 1980, Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ Ìbàdàn yìí sì ni ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wa.

Nínú oṣù kẹta kan náà, ọjọ́ 27, ni ọjọ́ ìbí Teslim Balógun, ọmọ Èkó tí a bí ní ọdún 1927. Nítorí bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ti le tó bí ó bá gbá a, wọ́n sọ ọ́ ní “Thunder”, èyí tí í ṣe Àrá. Ní ọdún 1955 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá ẹgbẹ́ Peterborough United gbá bọ́ọ̀lù, ní ọdún 1956 ó sì bọ́ sí ẹgbẹ́ Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ jẹun nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ wa tí a ń wò lónìí nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán bí wọ́n ti ń ṣeré ní òkè òkun, ọ̀nà tí Àrá là ni wọ́n ń tọ̀. Pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

OṢÙ KẸFÀ ÀTI OṢÙ KEJE: AYỌ̀ ÀTI Ọ̀FỌ̀

Ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1954, ni a bí Mudashiru Lawal ní Abẹ́òkúta. Ìgbà márùn-ún léraléra ni ó bá Nàìjíríà lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, láti ọdún 1976 títí dé ọdún 1984. Ìdíje náà kì í wáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ nígbà márùn-ún tẹ̀léra gbọ́dọ̀ tọ́jú ara rẹ̀, kí ó sì máa ṣe dáadáa fún bí ọdún mẹ́jọ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀. Lawal ṣe é. Ó dákẹ́ ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1991.

Ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1994, ni ọjọ́ tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ṣeré nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ní ìlú Dallas, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kojú Bulgaria. Ràṣídì Yẹkíní ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn tí ó gbá a wọlé, ó sáré wọnú ilé góòlù náà, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó dì í mú, ó sì ń ké tẹkún-tẹkún. Gbogbo ayé ni ó rí i. Góòlù 3 sí òdo ni Nàìjíríà fi borí.

Ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 1972, ni Teslim Balógun kú. Ẹ̀yin tí ẹ bá rántí ọdún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rin apá ọ̀tún, ọdún náà gan-an ni.

OṢÙ KẸJỌ: ÀWỌN TÍ Ó FI ẸSẸ̀ LÁSÁN ṢERÉ, ÀTI ÀWỌN ỌMỌDÉ TÍ Ó GBA IFE

Ní ìparí oṣù kẹjọ, ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà 18 gúnlẹ̀ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀ láti Èkó. Etim Henshaw ni olórí wọn, Teslim Balógun sì wà láàárín wọn. Ohun tí ó ya àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá a nílé. Nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n na ẹgbẹ́ Marine, tí pápá rẹ̀ wà nítòsí Liverpool, ní góòlù 5 sí 2. Kì í ṣe gbogbo eré ni wọ́n borí lẹ́yìn náà, pàápàá nígbà tí òjò bá sọ pápá di ẹrọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi hàn pé ọmọ ilẹ̀ yìí kò kéré.

Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹjọ, ọdún 1985, ní ìlú Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn ọmọ wa tí ọjọ́ orí wọn kò gbọdọ̀ ju 16 lọ na Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn ní góòlù 2 sí òdo. Wọ́n gba ife àgbáyé àkọ́kọ́ tí a dá sílẹ̀ fún irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 1996, nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà na Argentina ní góòlù 3 sí 2, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó gba wúrà bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì rí ṣáájú rẹ̀.

OṢÙ KẸWÀÁ: ERÉ ÀKỌ́KỌ́ ÀTI ỌJỌ́ ÌBÍ MÉJÌ

Bí ẹgbẹ́ ọdún 1949 ti ń padà bọ̀ wá sílé, wọ́n yà ní Freetown. Níbẹ̀ ni wọ́n ti na Sierra Leone ní góòlù 2 sí òdo ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá. Eré yìí ni a kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá bọ́ọ̀lù. Bí a bá bi wá léèrè ọjọ́ tí a bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ọjọ́ náà ni kí a dá lóhùn.

Ọjọ́ 9, oṣù kẹwàá, ọdún 1994, ni a bí Asisat Oshoala ní Ìkòròdú. Ní ọdún 2014, nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn ọmọbìnrin tí kò ju ọdún 20 lọ, ní ilẹ̀ Kánádà, òun ni a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù, òun náà sì ni ó gbá góòlù jù. Láàárín ọdún 2014 àti ọdún 2023, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a fi í ṣe obìnrin agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kí àwọn òbí tí ó ń lé ọmọbìnrin wọn kúrò lórí pápá gbọ́ èyí.

Ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1963, ni a bí Ràṣídì Yẹkíní ní Kàdúná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ó ti di ìlúmọ̀ọ́ká ní àárín ọdún 1982 sí 1984. Ní ọdún 1993 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Góòlù 37 ni ó gbá fún Nàìjíríà. Ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún, ọdún 2012, ni ó kú, a sì sin ín sí Ìrá.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọjọ́ wọ̀nyí pọ̀. Teslim Balógun lo ọdún 45 láyé. Mudashiru Lawal lo ọdún 37. Ràṣídì Yẹkíní lo ọdún 48. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó rí àádọ́ta ọdún. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn kò lè mọ èyí, kò sì lè ronú lé e lórí pé ó yẹ kí a máa bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ṣe ohun rere fún wa nígbà tí ojú wọn ṣì là sílẹ̀.

IFE ỌDÚN 1976, TIWA NI PẸ̀LÚ

Ọdún 1976 ni ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Nínú Ọ̀yọ́ ni Òṣogbo, Iléṣà àti Ifẹ̀ bọ́ sí. Nínú ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Shooting Stars na Tonnerre ti Yaoundé, ní ilẹ̀ Cameroon, nínú àṣekágbá ìdíje àwọn tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Eré méjì ni wọ́n gbá. Góòlù 4 sí 1 ni ti ilé, wọ́n pàdánù 1 sí òdo ní Yaoundé, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4 sí 2. Tonnerre yìí ni ó gba ife náà ní ọdún tí ó ṣáájú. Kò sí ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí kí ó tó di ọjọ́ náà.

Orúkọ ẹgbẹ́ yìí a máa da àwọn ènìyàn rú. WNDC ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí pé àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ni ín. Lẹ́yìn náà ó di IICC, kí ó tó di Shooting Stars nìkan, tí àwọn kan ń pè ní 3SC. Bí bàbá kan bá ní WNDC ni òun tẹ̀lé, tí ọmọ rẹ̀ ní Shooting Stars ni ti òun, kí wọ́n má ṣe jiyàn: ẹgbẹ́ kan náà ni. Nítorí náà, ife ọdún 1976 kì í ṣe ti Ìbàdàn nìkan. Owó orí àwọn baba wa ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà nínú owó tí a fi tọ́ ẹgbẹ́ náà dàgbà.

NÍGBÀ TÍ ỌJỌ́ ÌBÍ BÁ DI IRỌ́

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́, ọjọ́ orí ni ìdíwọ̀n. Bí a bá ní kí ọmọ tí ó ju ọdún 16 lọ má wọ̀ ọ́, ọmọ ọdún 20 tí ó bá wọ̀ ọ́ ti rẹ́ àwọn ọmọdé jẹ. Ó ti gba ipò ọmọ kan nílé, ó sì tún fi agbára tí kì í ṣe ti ọmọdé bá ọmọdé jà níta.

Ní òpin àwọn ọdún 1980, àjọ FIFA tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù àgbáyé rí i pé ọjọ́ ìbí tí Nàìjíríà kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan yàtọ̀ sí èyí tí a ti kọ fún wọn nínú ìdíje ìṣáájú. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ní ọjọ́ ìbí méjì. FIFA fi òfin de Nàìjíríà fún ọdún méjì kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ti ọdún 1991, tí ó yẹ kí ó wáyé ní ilẹ̀ wa, bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ilẹ̀ Potogí ni a gbé e lọ. Ẹ ro iye ọmọ tí kò ṣẹ̀, tí ó sì jẹ́ ọmọdé ní tòótọ́, tí ilẹ̀kùn tì mọ́ lójú nítorí nọ́ńbà díẹ̀ tí a kọ sórí ìwé.

Ní ọdún 2009, nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé ti àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, FIFA mú ẹ̀rọ kan wá tí ń ya àwòrán inú ọrùn-ọwọ́. Egungun ọrùn-ọwọ́ ọmọdé ní àlàfo níbi tí ó ti ń dàgbà. Bí ọmọ náà bá ti ń di géńdé, àlàfo náà a máa dí. Bí ó bá ti dí pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹni náà ti ju ọdún 17 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ti pè sínú ẹgbẹ́ wa ni a yọ kúrò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé lè purọ́, ṣùgbọ́n egungun kì í purọ́.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Ohun mẹ́ta ni a rọ gbogbo abúlé láti ṣe.

Èkíní, kí òbí tí ó bá bí ọmọ tètè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Òfin tí orílẹ̀-èdè ṣe ní ọdún 1992 ti sọ ọ́ di dandan. Kí ó fi ìwé tí a bá fún un pamọ́ síbi tí òjò àti eku kò ní dé.

Èkejì, kí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń kó ọmọ jọ fún bọ́ọ̀lù má ṣe gba ọmọ nímọ̀ràn láti dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ pé kí ó yọ ọdún mẹ́rin kúrò kò ràn án lọ́wọ́. Ó gbé ẹrù lé e lórí tí kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ títí ayé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí yàrá ìkàwé kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan, kí wọ́n sì máa kọ ìtàn bọ́ọ̀lù abúlé wọn sínú rẹ̀. Ta ni ó ṣán pápá náà? Ọdún wo ni ilé-ìwé kọ́kọ́ ra bọ́ọ̀lù aláwọ? Abúlé wo ni a kọ́kọ́ nà, ta ni ó sì gbá a wọlé? Kí a bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Bí wọn kò bá mọ ọdún, kí a bi wọ́n bí ó bá jẹ́ ṣáájú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, tàbí lẹ́yìn òmìnira, tàbí ṣáájú kí a tó máa ná náírà. Báyìí ni a ó fi mú un súnmọ́ ọdún tí ó jẹ́ gan-an. Kí a kọ ohun tí wọ́n bá sọ, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ wa ni ó ń sáré lọ síwájú lórí pápá, àwa ni ó sì yẹ kí a wo ẹ̀yìn, kí a kọ ọjọ́ tí a bí wọn àti ọjọ́ tí wọ́n borí sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an.